Ajẹbọ́tà àti ajẹpákó: ibo gan-an ni ọ̀nà wọn ti yà, kí sì ni ilé tí kò lówó lè ṣe sí i?

Alábòójútó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni mo bá ní kí a kó ìdáhùn rẹ̀ jọ sójú kan. Ìyá ń ta ata, bàbá ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ mẹ́ta, yàrá kan. Àwọn ọmọ náà kò gọ̀ rárá. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń yí lu ọdún, ọmọ ilé kejì tí òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báńkì ń fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Kí ló ń fà á, kí sì ni àwọn òbí yìí lè fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ wọn ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìtàn ayé yín. Ẹ sọ ohun tí èèyàn lè dìde ṣe lọ́la àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì Aláboyún

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ilé-ìwé, ẹ ti pẹ́. Inú oyún ni ọ̀nà ti ń yà. Kí aláboyún forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ń jáwọ́ nítorí pé ìgbẹ́ wọn dúdú tàbí pé ó ń bì wọ́n nínú. Ìgbẹ́ dúdú yẹn kò léwu. Èyí tó ń rìn wọ́n nínú, kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kí wọ́n tó sùn.

Bí ọmọ bá dé, ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà: kò sí omi, kò sí àgbo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé mẹ̀kúnnù ti ń kọsẹ̀ jù, nítorí ògì lásán ni wọ́n ń fún ọmọ. Ògì lásán ń yó ọmọ, kì í mú un dàgbà. Ẹ wọn kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ẹ ṣa sóyà náà, ẹ sè é nínú omi híhó fún bí ìṣẹ́jú 30, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ táútáú, kí ẹ tó dà á mọ́ àgbàdo gbígbẹ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kó dà nínú èèyàn, iná ló ń pa á. Ẹni tí kò bá sè é ni inú ọmọ rẹ̀ yóò máa kùn, òun náà ni yóò sọ pé sóyà kò bá ọmọ òun lára mu. Ẹ má lọ̀ ju èyí tí ọmọ á lá tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí òróró inú sóyà a máa kan. Bí ẹ bá ti po ó tán, ẹ fi edé gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí kékeré kan àti epo pupa díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láì fi bò: ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Àwọn tó sọ ọ́ nígbà náà ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹyin kò sì pọ̀ láyé wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé púpọ̀ dòní ni pé bàbá ń jẹ orí ẹja, ọmọ ọdún méjì ń fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Láti inú oyún sí ọdún méjì ni ọpọlọ ń yára dàgbà jù. Ọmọ tí kò bá dàgbà bó ti yẹ nígbà yẹn nítorí àìjẹunrekánú, oúnjẹ ọdún mẹ́wàá kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Bó bá ku ẹran kan ṣoṣo nínú ìkòkò, ti ọmọ kékeré ni.

Àjẹsára: ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Vitamin A ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14 ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé, abẹ́rẹ́ èéyi tó wà ní oṣù 9 a sì fò wọ́n dá. Ẹ fi káàdì náà sínú ọ̀rá, ẹ má pàdánù rẹ̀, ilé-ìwé lè béèrè rẹ̀.

Ẹlẹ́wà Sàpọ̀n

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Bí sóyà bá wọ́n ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Aláboyún

Ẹ̀pà. Ẹ yan án, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ṣùgbọ́n ẹ ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ kó tó dé iná: èyí tó bá hunjọ, tó dúdú tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé wà nínú ẹ̀pà tó bu, yíyan kì í sì í pa á. Èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó lọ́jà, òun ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kàn. Ẹ fetí sí bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé tí ó ti rẹ gbogbo èèyàn: "Jókòó. Dákẹ́. Lọ gbé e wá. Ta ní bi ọ́?" Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Nílé kejì, wọ́n ń bi ọmọ pé kí ló rò, wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì. Ọmọ méjèèjì á pàdé ní kíláàsì. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, ọ̀kan á nawọ́, èkejì á wolẹ̀, olùkọ́ á sì rò pé ọ̀kan ló mọ̀wé.

Èyí kò ní owó nínú. Nígbà tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ bá ń wọ Márúwá, ẹ béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" kò lè tán: "Kí ló dé tí òjò fi ń ṣú lápá ibí?" Ẹ ka oókan dé aárùn-ún nínú yín kí ẹ tó dá sí i. Àlọ́ àpamọ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá tirẹ̀. Àlọ́ onítàn, ẹ dá a dúró láàárín, ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí ìwé àwòrán olówó ńlá ń ṣe nílé olówó nìyẹn.

Ẹ sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ sí wọn. Ìyá tó ń fi òyìnbó àdàmọ̀dì bá ọmọ sọ̀rọ̀ ń gba èdè tó dára lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ẹyọ ọ̀rọ̀ ogún rọ́pò rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n wá yan olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Kíkà: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, kì í ṣe wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì méje, a e ẹ i o ọ u, fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kọ́ńsónáńtì kan lẹ́ẹ̀kan: ba be bẹ bi bo bọ bu. Kí ọmọ tó bọ́ sí èyí tó kàn, kó ti lè so méjì pọ̀, bàbá, bébà. Bí a bá ti mọ sílébù Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó kù á máa ṣí fúnra rẹ̀, nítorí bí a ti ń kọ ọ́ la ń pè é. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni "éè, bíì, síì, díì" tí ọmọ ń kọ bí orin. Ẹ nawọ́ sí lẹ́tà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ ó mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí ó há a sórí. Bí kò bá sí ìwé, ìwé ìròyìn Aláròyé tó ti pẹ́, Bíbélì Yorùbá, ara páálí ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ni ìwé kíkà.

Ìṣirò: 45 ni márùndínláàádọ́ta. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ti mọ ìyọkúrò. Ìyá tó ń ta ata, ẹ jẹ́ kó máa ka ṣéńjì padà fún oníbàárà, kó sì máa kọ ọ́ sí ìwé lálẹ́.

Gbajúmọ̀

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Mélòó nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ni kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀? Fìtílà ni wọ́n fi kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á ṣe é.

Akọ̀wé Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹ wá béèrè ọdún tí wọ́n wọ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn ju 800,000 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di akínkanjú lóru ọjọ́ kan. Owó ilé-ìwé ló ti dí wọn lọ́nà. Láàárín abúlé kan náà, ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà jù ní 1955 di alágbàṣe oko, àbúrò rẹ̀ di olùkọ́. Baba kan ló bí wọn, ilé kan ni wọ́n gbé.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn kò gbé gbogbo ẹrù. Aṣọ ilé-ìwé, ìwé, àti iṣẹ́ oko tí ọmọ kò ní bá baba ṣe mọ́, òbí ló ń san ìyẹn. Bákan náà ló rí lónìí. Òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti kíláàsì kìíní dé JSS 3, kò gbọdọ̀ ní owó ilé-ìwé ní ilé-ìwé ìjọba. Bí wọ́n bá bu owó lé yín, ẹ béèrè orúkọ owó náà àti rìsíìtì, ẹ sì gbé e wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Òbí kan tó ń jà nìkan, wọ́n á máa fojú burúkú wo ọmọ rẹ̀. Òbí mẹ́wàá tó bá kọ lẹ́tà pọ̀, wọ́n á dáhùn.

Gbajúmọ̀

Ó dáa. Mi ò wò ó láti ibẹ̀ yẹn rí.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti SS. Ohun tó ń pa ọmọ ilé-ìwé tí kò ní láàbù ni iṣẹ́ àfọwọ́ṣe WAEC. Ó lè mọ tíọ́rì bí ẹni mọ ojú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan buréètì, ọ̀pá onígò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ òǹkà sí, tí a fi ń kán omi kan sínú èkejì. Máàkì tó ń sọnù níbẹ̀ kì í ṣe ti òye:

Kí ó ka ìsàlẹ̀ ibi tí omi tẹ̀ kọdọrọ nínú buréètì, kí ojú rẹ̀ bá a dọ́gba. Ẹni tó dúró gangan wò ó látòkè á ka òǹkà mìíràn. Nọ́ḿbà méjì lẹ́yìn ojúàmì ni kó kọ: 23.50, kì í ṣe 23.5. Títítà (iye omi tó kán jáde nígbà kọ̀ọ̀kan) tí kò jìn síra ju 0.20 cm³ lọ nìkan ni kó fi wá àròpín. Ti àkọ́kọ́ tó kù díẹ̀ káàtó, kó má fi kún un. Kó yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lórí buréètì kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀kán omi tó bá kán láti ibẹ̀ ń ba òǹkà jẹ́.

Bí ilé-ìwé kò bá ní ohun èlò, síríńjì 20 ml láti ilé ìtajà oògùn (láìsí abẹ́rẹ́) á kọ́ ọmọ bí a ti ń ka omi àti bí a ti ń kán an lẹ́kán lẹ́kán. Fún ìyípadà àwọ̀ tó ń sọ ìgbà tí a ó dá omi dúró, ẹ sè zobo, ẹ sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á pọ́n sí i. Bí ẹ bá da omi eérú tàbí omi káún sí i, á yí sí àwọ̀ ewé tàbí búlúù. Ọmọ tó ti rí ìyípadà yẹn lójú ara rẹ̀ kì í sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ti àkókò ńkọ́? Ọmọ tó ń kiri ọjà wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ogún wákàtí ló ti lọ lọ́sẹ̀. Ọmọ ajẹbọ́tà ń fi ogún wákàtí yẹn ṣe lẹ́sìnnì. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má rán ọmọ níṣẹ́, oúnjẹ ilé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti SS 2, ẹ yí i padà: kó kiri ní ọjọ́ méjì àti Sátidé, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àtùpà sólà kékeré ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi owó àjọ rà, kó tó kan tẹlifíṣọ̀n.

Oníkáfẹ́

Ìwé orúkọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ mẹ̀kúnnù ti ń pàdánù ọdún gbáko, tí kì í sì í ṣe pé ó fìdí rẹmi.

Orúkọ kan, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan, sípẹ́lì kan, ọjọ́ ìbí kan, lórí ìwé ìbí, NIN, WAEC àti JAMB. Ilé tí òbí ti kàwé ń ṣe èyí láì ronú. Nílé míì, ìyá ìyá pè é ní orúkọ kan, olùkọ́ kọ òmíràn, bàbá fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè wọ JSS. Gbígba NIN kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ló ń ná yín, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission nígbà tí ọmọ wà ní jòjòló, ẹ fi ṣe NIN rẹ̀, ẹ kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà mọ́.

JAMB: ọmọ ni kó ní síìmù tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀. Kó tẹ NIN, kó fi àlàfo sílẹ̀, kó tẹ nọ́ḿbà 11 náà, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, kóòdù á padà wá. Síìmù kan kì í ṣiṣẹ́ fún ọmọ méjì. Ẹni tó bá lo fóònù oníkáfẹ́ tàbí ímeèlì tí oníkáfẹ́ ṣí fún un, ọjọ́ tí oníkáfẹ́ bá kó kúrò ládùúgbò, ẹnu ọ̀nà ti tì pa. Oníkáfẹ́ ni mí, mo sì ń sọ ọ́.

Ìdánwò náà jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta tó kù 40 kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ìbéèrè kan. Bọ́tìnì mẹ́jọ péré ló tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi sílẹ̀, R bí o bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wá máòsì kiri. Kó fi ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí kan lójúmọ́, kọ́ bọ́tìnì wọ̀nyí, ẹ̀rù náà á tán.

Ọmọ tó bá fẹ́ ka ìṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì ni. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ míì rọ́pò ọ̀kan níbẹ̀, kódà kó gba 330, wọn ò ní gbà á. Lẹ́yìn tí èsì WAEC bá jáde, ẹ padà sí ibùdó CBT (ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò JAMB) kí wọ́n gbé e sórí JAMB. Káfẹ́ lásán kò lè ṣe é. Ẹni tí kò ṣe èyí, kò sí ní ojú àwọn tó ń gbani. Bí ìgbàwọlé bá sì dé lórí CAPS, ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń gbani wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà á. Àwọn kan ti jókòó sílé tí wọ́n ń retí lẹ́tà.

Kírédíìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àti Máàsì fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, nínú ìjókòó kan tàbí méjì. Ẹni tó gbé Máàsì lulẹ̀, kó tún Máàsì ṣe pẹ̀lú NECO, kó lè so èsì méjèèjì pọ̀.

Ọ̀gá Télọ̀

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé yunifásítì nìkan ni ọ̀nà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ní ti olówó àti ti tálákà. Ti olówó ní ìwé àdéhùn. Ti tálákà, "ẹ bá mi mú un" lásán ni.

Kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀, ẹ kọ èyí sílẹ̀, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i: iye ọdún (iṣẹ́ télọ̀, méjì sí mẹ́ta fún ẹni tó jáde ìwé), owó ìwọṣẹ́, owó fírídọ́ọ̀mù àti ọjọ́ tí a ó san án, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, àti ohun tí yóò mọ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Fún télọ̀: ọdún kìíní, wíwọn ara, rírán okùn tààrà, bọ́tìnì àti ẹ̀yìn aṣọ, ọdún kejì, gígé bùbá, ìró àti ṣòkòtò láì sí ọ̀gá nítòsí, ọdún kẹta, gígé aláwòrán àti títún ẹ̀rọ ṣe. Láì kọ ọ́, ọmọ á fi ọdún méjì pọn omi, gbé ọmọ ọ̀gá, gbá ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ ti mọṣẹ́, kò rówó aṣọ ẹbí, ìrẹsì àti kánọ́pì, ó wá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀gá fún ọdún méjì sí i. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú àdéhùn: ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ tí ọdún pé, ayẹyẹ nígbà tí owó bá dé. Láti oṣù kìíní ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àjọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó gba fírídọ́ọ̀mù láìní ẹ̀rọ á di jọ́níìmàn fún ẹlòmíràn.

Kó tún ṣe Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ipele kẹta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó gòkè sí ìkejì àti ìkíní. Iléeṣẹ́ ńlá kò ka fọ́tò fírídọ́ọ̀mù sí, wọ́n ń ka ìwé yẹn.

Alágbàwí Ọmọ

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí tó rí já jẹ. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibi gíga. Ó tún ti sọ ọ̀pọ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìbẹ̀wò. Ẹ fi í sí ilé-ìwé kí ẹ tó padà sílé, ẹ mú nọ́ḿbà fóònù olùkọ́ rẹ̀. Kó máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́. Ẹ yọ sí wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ láì sọ tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ onílé bá ń jáde lágogo méje tí tiyín ń jáde lágogo mẹ́sàn-án, ẹ ti rí ìdáhùn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, èyí tí Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, lòdì sí lílo ọmọ fún iṣẹ́ tó ń pa á lára tàbí tó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kódà nínú ẹbí.

Láàárín 1950 sí 1970 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń kàwé ní Ìlú Ọba gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́ ọ, wọ́n ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n nílé náà ni. Àwọn onílé kò mọ àṣà yẹn, àwọn òbí kò lè máa bẹ̀ wọ́n wò bó ti yẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ sì dàgbà láìgbọ́ èdè ìyá tó bí wọn. Ibi tó lówó jù kọ́ ni ọmọ ti ń rí àǹfààní jù.

Agbanisíṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ìwà ni tèmi. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé rere pé kó má wo àgbà lójú, yóò jókòó níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, yóò wolẹ̀, yóò fèsì wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá ara rẹ̀ lójú. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni ó ń lò! Ẹ má gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní èkejì mọ́ ọn. Kó tẹrí ba díẹ̀ nígbà tó bá wọlé, kó dúró kí wọ́n ní kó jókòó, lẹ́yìn náà kó wo ẹni tó béèrè ìbéèrè títí yóò fi dáhùn tán. Bí ó bá nira, kó wo àárín ojú méjèèjì. Kó fi ìdáhùn mọ sí ìṣẹ́jú méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a ní kó ṣe, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, àbájáde rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

Òṣì ní ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́n rí, owó ní ń jẹ́ mo bá ọ tan. Ọmọ olówó ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nínú ìwé ìwáṣẹ́, tiyín ń kọ orúkọ ọkọ àǹtí rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ní SS 3, ọ̀gá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ láti yunifásítì, lẹ́mọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ tó bá ṣe ìwé ìṣirò ìjọ: àwọn wọ̀nyí ló wúlò. Kó pè wọ́n kó tó kọ orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìrànwọ́, ẹni tó ń wá sí ìpàdé nìkan ló ń gbọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àlàyé o. Wọ́n ti gba ọmọ kan wọlé ní yunifásítì ìjọba, owó ni kò sí. Wọ́n ní a nílò onídùúró méjì fún owó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́.

Oníkáfẹ́

Rárá, Ìyá wa. Òfin àkọ́kọ́ ti 2023 ló béèrè onídùúró. Wọ́n ti yí i padà nínú òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè owó lọ́wọ́ yín láti bá yín wá onídùúró, ẹ sá fún un.

Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, 20,000 náírà lóṣù ń wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́ fún gbígbọ́ bùkátà. Ẹ rántí pé gbèsè ni 20,000 náà. Bí ilé bá lè bọ́ ọ, kó gba ti owó ilé-ìwé nìkan. Sísan padà ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti parí NYSC, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Ilé-ìwé aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Kó kó nọ́ḿbà JAMB, NIN, BVN, nọ́ḿbà mátíríìkì àti àkáǹtì orúkọ ara rẹ̀ jọ. Kó tẹ *346# wo NIN rẹ̀, *565*0# wo BVN rẹ̀. Kó wá fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí méjèèjì wéra pẹ̀lú ti JAMB. Bí ti BVN bá yàtọ̀, báńkì ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tún ti BVN ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n, ilé-ìwé rẹ̀ ni kò tíì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Kó lọ bá àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kó fún wọn ní nọ́ḿbà JAMB rẹ̀ nínú ìwé, kó gba orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì padà lọ ní ọjọ́ kẹta.